Àṣàrò Ọjọ́ Àìkú: Bí A Ṣe Ń Gbé Ìhìn Rere Dé Ọjọ́ Ajé ní Àkókó

Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ Kátólíìkì kan ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé pé ìwé wo ni wọ́n kà ní Mísà lánàá, ó ṣeé ṣe kó rántí orin tí ẹgbẹ́ akọrin kọ lásìkò ọrẹ, kó rántí pé ìwàásù Fáda pẹ́, kó má sì rántí ìwé tí wọ́n kà. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ ibi tí kíkà náà ti ń bọ̀, a kò sì mọ ibi tí ó yẹ kó bá wa dé. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí fún àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àti fún ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ ṣì ń lọ sí Mísà níbi tí iṣẹ́ gbé yín dé.

Fáda kọ́ ló ń yan ohun tí a ń kà. Àpérò Vatican Kejì ló ní kí wọ́n túbọ̀ ṣí ìṣúra Bíbélì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ, ìwé ètò kíkà tuntun sì jáde ní 1969. Ọdún mẹ́ta ni ètò náà fi ń yí po. Mátíù ló ni ọdún A, Máàkù ló ni ọdún B, Lúùkù ló ni ọdún C. Jòhánù kò ní ọdún tirẹ̀; ìgbà Lẹ́ǹtì àti ìgbà Àjíǹde ni a ń gbọ́ ọ jù, àfi orí kẹfà rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi kún ọdún B fún Sọ́ńdè márùn-ún, torí ìwé Máàkù kúrú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí a wà, kó fi 3 pín iye ọdún náà. Bí nǹkan kan kò bá ṣẹ́ kù, ọdún C ni. Bí ó bá ṣẹ́ ku 1, ọdún A ni. Bí ó bá ṣẹ́ ku 2, ọdún B ni. Báyìí ni 2025 ṣe jẹ́ C, tí 2026 jẹ́ A. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Sọ́ńdè àkọ́kọ́ Ádífẹ́ǹtì, kí Kérésìmesì tó dé, ni ọdún ìjọ máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé mẹ́ta ni a ń gbọ́, pẹ̀lú Sáàmù kan. Ní àwọn Sọ́ńdè tí kò bọ́ sí ìgbà ọlọ́wọ̀ kankan, inú Májẹ̀mú Láéláé ni ìwé kíkà kìíní ti ń wá, wọ́n sì yàn án kó lè bá Ìhìn Rere mu. Ìwé kíkà kejì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ ní tirẹ̀: lẹ́tà àpọ́sítélì kan ni wọ́n ń kà ní àkàtẹ̀léra láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo ti gbọ́ àwọn àṣàrò tí wọ́n fi agídí so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹni ń di ẹrù igi. Kò pọn dandan. Ẹ mú ẹyọ kan kí ẹ dì í mú dáadáa.

Àǹfààní ètò yìí ni pé a kò bi wá kí wọ́n tó yàn án. Ẹni tó ń fúnra rẹ̀ yan ohun tí yóò kà á máa padà sídìí Sáàmù tó fẹ́ràn. Ẹni tó ń jẹ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀, ohun tí ìyá bá bù ni yóò jẹ. Sọ́ńdè tí ọ̀rọ̀ dídárí ji ọ̀tá yóò kàn ń bọ̀, yálà ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ń bára yín sọ̀rọ̀ tàbí ẹ kò bára yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Sọ́ńdè kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Kátólíìkì ẹkùn wa kò lè kà bí ẹni ń ka ìròyìn. Ní Mísà ọ̀sán ọjọ́ Péńtíkọ́sì, ìwé kíkà kìíní kì í yí padà lọ́dọọdún: Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 2:1-11 ni. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù péjọ sójú kan náà, Ẹ̀mí Mímọ́ sì bà lé wọn. Ní ọjọ́ Péńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn kọ lu ìjọ Kátólíìkì Francis Xavier Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ bí Mísà ṣe ń parí lọ. Wọ́n pa nǹkan bí 40 ènìyàn, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ọ̀wọ̀ ni èrò tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí Àkókó ń gbà kọjá. Dáyọ́sìsì Oǹdó kan náà ni Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà wà.

Láti ọjọ́ náà, pípéjọ sójú kan tí ìwé náà ń sọ ti di ohun mìíràn létí wa. Ọdọọdún ló sì ń padà wá. Àṣàrò tó bá fo èyí ti sá fún iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá yára sọ pé Ọlọ́run ló mọ ohun tó fà á, tó sì bọ́ sórí ìkéde, kò sàn jù ú lọ, lójú tèmi.

Kí ni a lè wá fi ìwé náà ṣe? Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ kan. Ní ọdún C, irú èyí tí 2022 àti 2025 jẹ́, ìjọ fàyè gba pé kí wọ́n ka Jòhánù orí 14 ní ọjọ́ Péńtíkọ́sì. Níbẹ̀ ni Jésù ti ṣèlérí Ẹ̀mí Mímọ́, tí Bíbélì Yorùbá pè ní Olùtùnú. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà ńbẹ̀ ni paráklētos, ẹni tí a pè wá síbi tí a wà kó dúró tì wá. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ló tún wà nínú 1 Jòhánù 2:1, ṣùgbọ́n alágbàwí ni àwọn olùtúmọ̀ pè é níbẹ̀. Méjèèjì ló tọ̀nà, iṣẹ́ wọn ni kò dọ́gba. Olùtùnú máa ń jókòó ti ọlọ́fọ̀ lórí ẹní. Alágbàwí máa ń dìde dúró níwájú ọba, níwájú ọlọ́pàá, ní kóòtù, láti bá ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. A mọ ti àkọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ yìí: a ń gbé oúnjẹ lọ, a ń bá wọn sunkún. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ńkọ́? Ta ni yóò tẹ̀ lé opó lọ sí báńkì, tí yóò bá a kọ ìwé, tí yóò bá mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa oko kòkó? Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìwé kọ lè ṣe èyí láàárín ọ̀sẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ibi tí àṣàrò ti di ìgbé ayé nìyẹn.

Apá kejì ìwé Ìṣe náà tún kan Àkókó gan-an. (Ẹ bá mi káàánú òǹkàwé tó ní láti pe Fírígíà, Pamfílíà àti gbogbo àwọn ìlú yòókù láìkọsẹ̀.) Àwọn èrò náà kò ṣàdédé gbọ́ èdè kan ṣoṣo, èdè abínibí rẹ̀ ni kálukú fi gbọ́. Níhìn-ín, ọmọ Ìkáràmù ń sọ Akpes, ọmọ Ìṣùà ń sọ Uhami, Àrìgìdì ní tirẹ̀, ọmọ Ọ̀kà àti ọmọ Ìkàrẹ́ sì ní ẹ̀ka èdè Yorùbá tiwọn. Bí wọ́n bá dé Mísà, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá inú ìwé ni wọn yóò bá pàdé. Yorùbá inú Bíbélì yìí, tí Àjàyí Crowther ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì parí ní 1884, sún mọ́ Ọ̀yọ́ ju Àkókó lọ.

Nítorí náà, ẹ gbìyànjú èyí wò ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ Ìhìn Rere ọjọ́ náà fún ẹnì kan ní èdè tí wọ́n fi ń bá yín wí nílé. Ibi tí ẹ bá ti ń wá ọ̀rọ̀ tì, ibẹ̀ ni kò tíì yé yín. Bó ti wù kí ẹ mọ àkàwé ará Samáríà tó, ẹ sọ ọ́ ní èdè Ọ̀kà kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó lè sá fún bíbéèrè ta ni ará Samáríà ní Ọ̀kà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ dá a ṣe lè kó ènìyàn mẹ́rin sí márùn-ún jọ nínú NFCS. Ní ilẹ̀ South Africa, Ilé Ẹ̀kọ́ Lumko gbé ètò onípele méje kan kalẹ̀ tó ti tàn káàkiri àwọn ìjọ kéékèèké ilẹ̀ Áfíríkà: wọn a ka ìwé, wọn a dákẹ́, kálukú a sọ gbólóhùn tó mú un lọ́kàn, láìsí ẹni tí yóò wàásù fún ẹnìkejì. Ipele kẹfà ni mo fẹ́ràn jù. Wọn a bi ara wọn pé iṣẹ́ wo ni a fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ta ni yóò ṣe é, ìgbà wo sì ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn a béèrè bóyá wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni, iṣẹ́ náà lè jẹ́ pé kí ẹ fún ẹni tó ṣàìsàn ní nóòtì yín, kí ẹ sì kọ̀ fún ẹni tó ní kí ẹ fi ìdáhùn han òun nínú gbọ̀ngán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé kan náà ni wọ́n ń kà fún yín ní Sọ́ńdè kan náà tí wọ́n ń kà fún ìyá yín ní Ọ̀kà. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lálẹ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ni Fáda sọ lónìí, kí ẹ sì sọ tiyín fún wọn ní èdè ilé.