Bí A Ṣe Ń Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró Lójú Ihò Abẹ́rẹ́ Lẹ́yìn Àyẹ̀wò Òpójẹ̀ Ọkàn

Kantin Kwari ní ìlú Kano jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà aṣọ tó tóbi jù lọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn oníṣòwò láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ti fi àdúgbò Sabon Gari ṣe ilé láti ìgbà pípẹ́, ń ra ìdì aṣọ níbẹ̀. Iṣẹ́ náà gba ẹrù gbígbé, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdúró ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí dókítà bá wá sọ fún irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò òpójẹ̀ ọkàn, kò sí àní-àní pé yóò fẹ́ mọ ọjọ́ tí òun lè padà sọ́jà. Ìdáhùn kò sí lọ́wọ́ ọkàn nìkan. Ó tún wà lọ́wọ́ ihò kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, èyí tí àwọn dókítà gbà wọlé.

Ibi tí ihò náà ti wá

Ní ọdún 1929, dókítà ará Jámánì kan, Werner Forssmann, ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní catheter gba inú òpójẹ̀ apá ara rẹ̀ dé inú ọkàn. Ní ọdún 1953, Sven-Ivar Seldinger ti orílẹ̀-èdè Sweden fi ọ̀nà tó rọrùn hàn: a ó fi abẹ́rẹ́ gún òpójẹ̀, a ó ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú abẹ́rẹ́, a ó yọ abẹ́rẹ́, a ó sì ti rọ́bà wọlé lórí wáyà náà. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan mọ́ láti la ẹran ara kí a tó dé inú òpójẹ̀. Ní ọdún 1977, Andreas Grüntzig lo irú ọ̀nà yìí ní ìlú Zurich láti fi bálúùnù kékeré la òpójẹ̀ ọkàn tó ti dí.

Ihò yìí yàtọ̀ sí ojú abẹ́rẹ́ lásán fún ìdí méjì. Èkíní, òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ni a gún, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sáré nínú rẹ̀ sì pọ̀. Èkejì, aláìsàn náà ti sábà gba oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bí heparin, aspirin tàbí clopidogrel.

Ọwọ́ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́

Ibi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń gún òpójẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà tán, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yóò fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Òkè ojú ihò ara díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ máa ń dá gẹ̀gẹ́ wọlé. Ihò ara òpójẹ̀ kò sí ní ọ̀gangan ihò ara awọ. Lẹ́yìn náà, aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ fún bíi wákàtí 4 sí 6 láìká ẹsẹ̀ kò.

Àwọn irinṣẹ́ ìgbàlódé

Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn irinṣẹ́ tó ń dí ihò òpójẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ìwòsàn. Angio-Seal ní ìdákọ̀ró kékeré tó ń dúró sínú òpójẹ̀, àti èròjà collagen tí a rí láti ara màlúù, tó ń dí ojú ihò láti ìta. Òwú ni ó so méjèèjì pọ̀. Láàárín bíi oṣù 3, gbogbo rẹ̀ yóò ti yọ́ sínú ara. Perclose ní tirẹ̀ ń rán ihò náà bí aránṣọ ṣe ń rán aṣọ tó ya. StarClose ń fi ìkọ́ irin kékeré fún ojú ihò pọ̀, irin náà kì í sì í kúrò lára. FemoStop kì í wọ inú ara rárá: bẹ́líìtì ni, pẹ̀lú bálúùnù tó ń tẹ ojú ibẹ̀ dípò ọwọ́.

Àǹfààní àwọn irinṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀jẹ̀ ń tètè dá, aláìsàn sì ń tètè dìde. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014, láàárín àwọn aláìsàn 4,524, ìpalára òpójẹ̀ bá ìdá 6.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n lo irinṣẹ́ fún, ó sì bá ìdá 7.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀. Èyí fi hàn pé irinṣẹ́ kò burú ju ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ di ohun àtijọ́. Ẹni tí kò lágbára owó irinṣẹ́ kò tìtorí rẹ̀ pàdánù ìtọ́jú tó péye. Ohun tó léwu ni kí wọ́n tún irinṣẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn lò: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀nà ọrùn ọwọ́

Lucien Campeau ti ìlú Montreal ṣàlàyé ní ọdún 1989 bí òun ṣe gba òpójẹ̀ ọrùn ọwọ́ yẹ ọkàn wò. Òpójẹ̀ yìí súnmọ́ awọ, egungun sì wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti tẹ̀. Bẹ́líìtì kékeré bíi TR Band, tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, tó láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. A ó máa tú atẹ́gùn náà díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Aláìsàn lè jókòó, ó sì lè rìn. Nínú ìwádìí MATRIX ti ọdún 2015, tó kan àwọn aláìsàn 8,404 ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìṣẹ̀jẹ̀ àti ikú kéré láàárín àwọn tí wọ́n gba ọrùn ọwọ́ wọn.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀nà yìí bá mu. Àwọn alárùn kíndìnrín, irú àwọn tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni Aminu Kano àti ní ibòmíràn, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú, nítorí pé òpójẹ̀ ọwọ́ wọn ṣe pàtàkì fún ẹ̀jẹ̀ fífọ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà délé

Bí ó bá jẹ́ itan ni wọ́n gún, ẹ má ṣe gbé ohun tó wúwo ju kílò 5 lọ fún bíi ọ̀sẹ̀ kan. Ìdì aṣọ kan ní Kantin Kwari wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ má lóṣòó, ẹ má sì dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn àgbà yóò gbà á lẹ́nu yín. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba aláìsàn láyè láti jókòó kírun. Bí ẹ bá fẹ́ wúkọ́, ẹ fi ọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó wọ ọkọ̀ láti Kano lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kí aláìsàn dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹlòmíràn fi aṣọ tó mọ́ tẹ ibẹ̀ gidigidi fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe fi eérú, ewé tàbí àtíkè sí i.

Àwọn àmì mìíràn tí kò gba ìdúró ni wíwú tó ń pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tó tutù tó sì funfun, àti ẹ̀yìn tàbí ìsàlẹ̀ ikùn dídùn pẹ̀lú òòyì àti òógùn tútù. Èyí tó kẹ́yìn yìí lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ara, bí ojú kò tilẹ̀ rí ẹ̀kán kan níta.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kí àwọn ènìyàn ṣe: wọ́n á dá aspirin àti clopidogrel dúró fúnra wọn. Fún ẹni tí wọ́n fi irin sí òpójẹ̀ ọkàn rẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ kí òpójẹ̀ náà dí lójijì, kí ó sì la ikú lọ. Dókítà nìkan ni ó lè sọ ìgbà tí ẹ ó dá oògùn náà dúró.

Kí ẹ tó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ọrùn ọwọ́ ni àbí itan? Báwo ni ẹ ó ṣe dí ihò náà? Ta ni mo lè pè bí ẹ̀jẹ̀ bá dé lóru?