"Dúró ná": àṣẹ tó máa ń pẹ́ dé láàárín ẹ̀rọ méjì

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Stemmons ní Dallas, ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Infomart. Wọ́n ṣí i ní 1985, Crystal Palace ti Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ ni wọ́n sì wò kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọjá lè pè é ní ilé ìtajà, àmọ́ inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ti so okùn wọn mọ́ra. Iléeṣẹ́ Equinix ra ilé náà ní 2018, nǹkan bí 800 mílíọ̀nù dọ́là ló ná wọn. Ethernet ni ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ń gba dátà lọ́wọ́ ara wọn. Ní 1997, ẹgbẹ́ IEEE fi àṣẹ kan kún ìlànà yìí, wọ́n pè é ní PAUSE: "dúró ná".

Bí ẹ̀rọ kan bá rí i pé dátà tó ń wọlé ti fẹ́ kún àyè ìpamọ́ òun, á fi ìdì dátà kékeré kan, báìtì 64 péré, ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó wà ní òdìkejì okùn. Nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀, láti 0 dé 65,535, tó ń sọ bí ìdúró náà yóò ṣe pẹ́ tó. Òdo túmọ̀ sí "máa bọ̀". Iye àkókò tí bíìtì 512 fi ń kọjá ni ẹyọ kan nínú nọ́ńbà náà. Lórí okùn gígábíìtì kan, ìdúró tó gùn jù kò ju ìdá 34 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú àáyá lọ. Lórí ti gígábíìtì 100, ó kéré sí i ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ yìí ló níṣẹ́. Lórí okùn gígábíìtì 100, irú ìdì kékeré bẹ́ẹ̀ lè dé ní ìgbà mílíọ̀nù 148 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sọ́fítíwià kò lè bá eré yẹn dọ́gba, ṣípù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ṣípù á wo àdírẹ́sì, á wo irú ìdì tó jẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tíì ṣègbọràn, nítorí pé ìparí ìdì ni nọ́ńbà àyẹ̀wò wà. Tó bá gba ìdì tó ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà gbọ́, á pa okùn lẹ́nu mọ́ láìnídìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni dátà ń wọ inú ṣípù ní ègé fífẹ̀, débi pé ìrù ìdì kan àti orí òmíràn lè jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àṣẹ tuntun bá tún dé, ti tuntun ló ń rọ́pò ti àtijọ́. A kì í rò wọ́n pọ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó ń rán dátà kò lè gé ìdì tó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín méjì. Ìlànà fún un ní ẹyọ 394 lórí okùn gígábíìtì 100 kó tó dákẹ́, ìyẹn ìdá 2 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Báìtì tó lé ní 25,000 lè ti kọjá kó tó di ìgbà yẹn. Ẹni tó ń pọn omi ní bọ́ọ̀hólì mọ̀ ọ́n: bó o bá ké pé kí wọ́n pa á, èyí tó ti wà nínú họ́ọ̀sì yóò ṣì tú jáde. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ ké nígbà tí àyè ṣì wà. Bí okùn bá ṣe ń yá sí i, tó sì ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó gbọ́dọ̀ dá sí á máa pọ̀ sí i, ìrántí inú ṣípù kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

PAUSE tún ní àìdáa kan: gbogbo ohun tó wà lórí okùn ló ń dá dúró, àti ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀. Ní 2011 ni wọ́n gbé PFC jáde, èyí tó pín dátà sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ kí wọ́n lè dá ọ̀kan dúró láìfọwọ́ kan ìyókù. Kò tán ìṣòro náà. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Microsoft ṣàlàyé bí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó dàrú ṣe lè máa rán "dúró" láìdákẹ́: switch, ẹ̀rọ tó ń darí dátà láti okùn kan sí òmíràn, tó wà níwájú rẹ̀ á kún, òun náà á ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn òun dúró, títí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á fi dákẹ́.

Lójú tèmi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì lásán kò nílò àṣẹ yìí; bí ìdì kan bá jábọ́, TCP, ìlànà tó ń rí i pé dátà dé, á tún un rán. Àwọn tí àdánù ìdì kan ń dà láàmú gan-an, bíi kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà fún ẹgbẹ̀rún àwọn mìíràn, ni wọ́n ń lò ó, àwọn náà sì máa ń fi ìṣọ́ sórí rẹ̀: ẹ̀rọ tó bá ń ké "dúró" kọjá àkókò tí wọ́n yàn fún un, switch á pa àṣẹ rẹ̀ tì, á sì da dátà tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nù.