Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Bí Mo Ṣe Kan Tábìlì Iṣẹ́ Tí Kì í Mì

 

Ọ̀rọ̀ tábìlì la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe tábìlì ìjẹun o, tábìlì tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ nílé ni. Bóyá bàtà lẹ̀ ń ṣe, bóyá fóònù lẹ̀ ń tún ṣe, bóyá ẹ kàn fẹ́ràn láti máa kan nǹkan, ètò yìí wà fún yín.

Àtàǹpàkò mi òsì ló jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Bàtà awọ ni mò ń ṣe nínú yàrá mi n'Íbàdàn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tábìlì tí mo fi kàwé nílé-ìwé gíga ni mo sọ di tábìlì iṣẹ́. Bí mo bá ti na òòlù sí i, á máa jó. Mo fi páálí há ẹsẹ̀ kan, ó ṣì ń jó. Lọ́jọ́ kan, mò ń gé àtẹ́lẹ̀ bàtà ọkọ ìyàwó kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo tẹ ọ̀bẹ mọ́lẹ̀, tábìlì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀bẹ bá yà sí mi lọ́wọ́. Ojú mẹ́fà ni wọ́n rán an. Bàtà náà ò jáde, mo dá owó padà, àtàǹpàkò náà ò sì ká tán títí dòní.

Mo rò pé igi tábìlì yẹn ló fẹ́lẹ́ jù. Mo bá lọ bá bàbá káfíńtà kan ládùúgbò wa pé kí wọ́n bá mi fi pákó tó nípọn kan òmíràn. Bàbá ò wo igi rárá. Ìka kan péré ni wọ́n fi ti igun tábìlì náà, ló bá gbọ̀n látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, igi ẹ ò ṣe nǹkan kan. Oríkèé ẹ̀ ló kú.”

Ohun tí wọ́n kọ́ mi rèé. Ọ̀nà méjì ni tábìlì lè gbà máa mì, oògùn méjèèjì ò sì jọra.

Àkọ́kọ́ wá láti ilẹ̀. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìṣọ̀kan la sábà máa ń fi òwe yẹn kọ́ra wa, àmọ́ ohun tó sọ ṣe é fojú rí. Ohun tó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, bó ti wù kí ilẹ̀ rí gbágungbàgun tó, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa kanlẹ̀. Tó bá di ẹsẹ̀ mẹ́rin, ilẹ̀ tí kò tẹ́jú á gbé ọ̀kan sókè. Páálí lè yanjú ìyẹn.

Èkejì wá láti oríkèé, páálí ò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi píìnì so wọ́n pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ti igun kan, gbogbo ẹ̀ á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò, kẹ́ ẹ fi mẹ́ta tó kù ṣe onígun mẹ́ta. Ẹ tún tì í. Kò ní yẹ̀, àfi tí páálí bá ká tàbí tó ya. Gígùn ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló di igun mú. Bẹ́ ẹ bá wọ ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, ẹ wo òkè, ẹ ó rí i pé onígun mẹ́ta ló pọ̀ jù nínú igi òrùlé.

Tábìlì mi àtijọ́ ò ní onígun mẹ́ta kankan. Ìṣó ló so ó pọ̀, ọ̀pọ̀ ìṣó náà ló sì gba orí igi wọlé, níbi tí igi kì í ti di ìṣó mú dáadáa. Gbogbo ìgbà tí mo bá lu òòlù ni ìṣó ń tú díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kan tuntun. Ní Bódìjà ni mo ti ra igi: 2-by-4 mẹ́rin tó gùn ní fíìtì 12, àti pílíwúùdù kan tó nípọn ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì. Ẹ mú igi tó ti gbẹ. Igi tútù máa ń wúwo, tó bá sì gbẹ sí yín lọ́wọ́, á sún kì, á tún lọ́. Kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan, ẹ fi téèpù wọn igi náà fúnra yín, torí 2-by-4 tí wọ́n ń pè é lè má pé bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó mọ gíga tábìlì, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ wálẹ̀, kẹ́ ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ibẹ̀ ló dáa fún iṣẹ́ òòlù. Iṣẹ́ tójú gbọ́dọ̀ sún mọ́, bíi ti fóònù, ń fẹ́ kó ga tó ìgúnpá. Tèmi ga ní íǹṣì 34, ó gùn ní fíìtì 4, ó fẹ̀ ní fíìtì 2.

2-by-4 kan tó fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì ni mo gé sí igi ìbú àti igi òòró tó yí ẹsẹ̀ ká lókè àti nísàlẹ̀. Mo gbẹ́ ẹsẹ̀ wọlé díẹ̀ níbi tí igi kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí, kí ẹrù lè wà lórí igi, kó má wà lórí bóòtù. Igi kẹrin ni mo fi dábùú láti igun dé igun, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iwájú wà ní ṣíṣí kí orúnkún lè ríbi gbà. Ìdábùú mẹ́ta yẹn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìṣó.

Bóòtù tí sípánà 13 ń tú ni mo lò, pẹ̀lú wáṣà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ilé onílé ni mò ń gbé, ẹ̀yin náà lè jẹ́ ayálégbé. Tá a bá fẹ́ kó jáde, a ó tú u, a ó tò ó sínú mọ́tò, láìjẹ́ pé a lu ihò kan sára ògiri lándílọ́ọ̀dù.

Mo gé pílíwúùdù sí mẹ́rin. Mo fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ méjì pọ̀ fún ojú tábìlì, ó wá nípọn ní íǹṣì kan ààbọ̀. Ẹ̀kẹta di pèpéle ìsàlẹ̀, mo sì gbé àpò iyanrìn méjì lé e, torí tábìlì tó wúwo kì í sún kiri. Mo fi rọ́bà táyà tó ti gbó sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ lè sùn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi òòlù lu nǹkan, orí ẹsẹ̀ tábìlì ni kẹ́ ẹ ti lù ú. Láàárín, tábìlì á máa tẹ̀, á sì gbà lára agbára tó yẹ kó wọnú iṣẹ́ yín.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún gbogbo bóòtù fún, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí igi á ti sún kì.

Nígbà tí mo parí ẹ̀, mo pe bàbá káfíńtà wá wò ó. Wọ́n tún fi ìka kan ti igun rẹ̀. Kò mira. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tì í, àpò iyanrìn ò tiẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe sáńdà kan.

Tábìlì tẹ́ ẹ ń lò nílé ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó mú ọ̀bẹ lónìí, ẹ fi ìka kan tì í wò. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o.