Ẹ́ńjìnnì tó ti kú kì í ran búréèkì lọ́wọ́: ohun tí àwọn awakọ̀ ń bá ara wọn sọ ní gáréèjì Kétu

Ọjọ́ ọjà Kétu ni. Táksí tí mo wọ̀ láti Pọbẹ́ kú sójú ọ̀nà nígbà tó ku díẹ̀ ká dé. Awakọ̀ wa ṣí iwájú ọkọ̀, ó fọwọ́ kan èyí, ó fọwọ́ kan tọ̀hún, kò jẹ́. Nígbà tó yá, bâchée kan tó kó àgbàdo dúró fún wa. Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n ní kí gbogbo wa padà wọlé. A wọlé. Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti kún.

Bí a ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ewúrẹ́ já sójú títì, bâchée iwájú sì tẹ búréèkì. Awakọ̀ tiwa náà tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò ò dúró, àfi gbàgà nídìí bâchée. Orúnkún èèyàn méjì bó, tòmátì ìyá yẹn sì fọ́ dànù sílẹ̀ ọkọ̀.

“Ọmọ mi, ṣé búréèkì rẹ ò dáa ni?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Àná ni wọ́n bá mi pààrọ̀ ẹ̀.”

Kò purọ́. Nígbà tí mo bi àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ nìkan ló ń tẹ búréèkì. Ohun kan bí agolo dúdú ńlá wà níwájú ọkọ̀, lọ́gangan ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Ẹ́ńjìnnì máa ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ìyẹn ló sì ń bá ẹsẹ̀ tì í. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, agbára tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ò ju kéèyàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, pẹ́dàlì á le bí òkúta. Búréèkì ṣì wà o, ṣùgbọ́n gbogbo agbára ara lèèyàn máa fi tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á sì rìn jìnnà kó tó dúró. Sítíárìn náà á wúwo.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún títí tó fi máa le. Ẹ fi ẹsẹ̀ sí i níbẹ̀, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí pẹ́dàlì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá rọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fa ọkọ̀, kí èrò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Èyí ni wọn ò ṣe fún wa. Kí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà jù jókòó sínú èyí tí wọ́n ń fà, torí iṣẹ́ ibẹ̀ ló le: òun ló máa ń rọra tẹ búréèkì kí okùn lè na dáadáa. Okùn tó gùn tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún dára, kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ àárín rẹ̀. Ibi tí wọ́n ṣe fún un lára ọkọ̀ ni kí wọ́n so ó mọ́, kì í ṣe báńpà. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́, torí sítíárìn lè há. Bó bá jẹ́ búréèkì gan-an ló bàjẹ́, ẹ má fi okùn fà á rárá, ẹ wá ọkọ̀ tó máa gbé e. Mọ́tò automatique náà, tó pọ̀ nínú àwọn tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé, kò dára kí wọ́n máa fà á lọ jìnnà lórí táyà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Ó lè ba jíà jẹ́, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju owó ọkọ̀ agbẹ́rù lọ.

Ọ̀rọ̀ epo ló wá gba àkókò jù ní gáréèjì. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo kì í ṣe ohun ọ̀pọ̀ mọ́. Làwọn kan bá ń gbé jíà sí point mort tí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá pa á ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ pẹ́dàlì di òkúta, bíi tiwa lọ́jọ́sí. Ẹni tó gbé e sí point mort ńkọ́? Kò jèrè. Nínú mọ́tò à-fún-epo-sínú-ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nísinsìnyí, bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí epo, ẹ́ńjìnnì máa ń dá epo dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní point mort, ó gbọ́dọ̀ máa mu epo kó má bàa kú. Ẹni yẹn ń sun epo, kò sì tún ní ẹ́ńjìnnì tó máa di ọkọ̀ mú fún un.

Ibi tí èrè wà ni táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, ẹrù òrùlé tó dínkù, fílítà afẹ́fẹ́ tó mọ́, àti ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Mẹkáníìkì kan tún sọ èyí tí mi ò mọ̀ rí: búréèkì tó há ń jẹ epo. Lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kan irin o. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ, búréèkì ibẹ̀ ni kò tú sílẹ̀.

Àwọn oníṣòwò wa tó ń gba Tógò lọ sí Kara mọ Alédjo, níbi tí wọ́n ti la àpáta kí ọ̀nà lè kọjá, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù sì ti ṣubú. Wọ́n ní jíà tó kéré ni kéèyàn mú kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kéèyàn má gbé ẹsẹ̀ lé búréèkì látòkè délẹ̀. Kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó tú u sílẹ̀. Òróró búréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tó bá ti pẹ́ lè hó nínú ooru, pẹ́dàlì á sì wọlẹ̀ lófìfo. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Àwọn tó ń bu omi tàbí òróró ẹ́ńjìnnì rọ́pò rẹ̀, búréèkì ni wọ́n ń bàjẹ́.

Awakọ̀ tiwa san 3,000 fráńkì fún ìyá onítòmátì lọ́jọ́ yẹn. Ìyá ní ọjà òun ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfìgbà tí àwa èrò bá a bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo tún pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, ó ti ra okùn tuntun, aṣọ pupa sì wà lára rẹ̀.