Ẹ̀kọ́ PCT: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ kan ohun tó ń kọ́

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé la gbé wá lónìí.

Ní CEG, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní PCT, ìyẹn Physique, Chimie et Technologie. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣé orí wọn ò pé ni? Rárá o. Níbi tí irinṣẹ́ ò bá sí, olùkọ́ á yàwòrán rẹ̀ sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ sínú cahier, á kọ́ ọ sórí, kò sì ní fọwọ́ kàn án títí BEPC á fi dé. Bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní lílúwẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni.

Irinṣẹ́ òkèèrè wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló wà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí ogun ti ba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé jẹ́, wọ́n kọ́kọ́ kó ọ̀nà jọ tí olùkọ́ lè fi agolo, igò àti okùn ṣe irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1956, UNESCO sọ ọ́ di ìwé ńlá fún àwọn olùkọ́ gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kẹ́ ẹ fi kọ́ sára igi. Láti orí okùn dé àárín òkúta, kó jẹ́ mítà 1. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi tẹlifóònù ka àkókò. Tó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, á gba nǹkan bíi seconde 20. Wàyí o, ẹ bi àwọn ọmọ pé: "Tí òkúta bá wúwo ju báyìí lọ, ṣé á yára sí i?" Ọ̀pọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n dán an wò: 20 náà ni! Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dín okùn kù sí sàǹtímítà 25, á di 10. Gígùn okùn ni, ìwúwo òkúta kọ́.

Ẹnu kànga náà, ilé-ẹ̀kọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ tá a gbé okùn lé, tí ìwé ń pè ní poulie, kò dín ìwúwo omi kù. Ó kàn jẹ́ ká máa fà sísàlẹ̀, kí garawa máa gòkè ni. Pile tọ́ọ̀ṣì, wáyà àti ampoule kékeré sì tó láti fi hàn pé iná kì í tàn àfi tí ọ̀nà rẹ̀ bá yípo láìjá. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: pile nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má fi iná SBEE tàbí ti groupe dánrawò láé, ó ń pààyàn.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá ń wá okùn àti agolo kiri, ẹ má lé e, ẹ má pè é ní eré. Ẹ jẹ́ ká ran àwọn olùkọ́ wa lọ́wọ́, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá ti ṣe, orí kì í tètè gbàgbé rẹ̀.