Ẹran Tí A Ò Pa, Tí A Ò Jẹ: Bí Wíwo Àbùùbùtán Ṣe Di Ohun Tí À Ń Sanwó Fún

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọmọ bàbá náà, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹja ní ọgbà Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì tó wà ní Ìkọ̀lé, ló fi fídíò kan hàn wá lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yà á lójú òkun Kútọnu. Ọkọ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó ń fọhùn. Lójijì, omi ya, ẹ̀yìn dúdú kan tó ń dán yọ síta, ó tú èémí sókè fùú. Kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí a tó mí, àwọn méjèèjì ti wọmi lọ. Bàbá béèrè iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà. Nígbà tó gbọ́, ó mirí. Ó ní: "Ẹran tí ẹ ò pa, tí ẹ ò jẹ, kí lẹ wá ń sanwó lé lórí?"

Ìbéèrè àgbà ni, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ìtàn pípa àbùùbùtán kò gùn láti sọ: fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi pa á nítorí òróró tí wọ́n ń fi tan àtùpà, tí wọ́n sì ń fi ṣe ọṣẹ, títí àjọ IWC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà lágbàáyé fi pinnu ní 1982 pé kí pípa á fún títà dáwọ́ dúró, tí ìpinnu náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1986.

Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ jáde lọ wò ó láìmú ọ̀kọ̀ dání? Orí èyí ni bàbá àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ti fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ náà ní Amẹ́ríkà ni, ìlú San Diego ní California. Ní 1950, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ lórí òkè Cabrillo kí àwọn ènìyàn lè máa dúró síbẹ̀ wo àbùùbùtán tó ń kọjá. Ní 1955, Chuck Chamberlin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ gbé èrò lọ sójú òkun ní dọ́là kan péré.

Bàbá ò gbà. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìkọ̀lé wà, òun àti etíkun Ìlàjẹ. Ìjọba sì gbé bàbá lọ kọ́mọ létí òkun níbẹ̀. Ó ní àwọn apẹja Ìlàjẹ a máa sọ nípa ẹja kan tó tóbi ju ọkọ̀ wọn lọ. Wọn kì í ju àwọ̀n sí i. Wọ́n á gbé àjẹ̀ sókè, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wò ó títí yóò fi kọjá. Ó ní òun náà bá wọn jáde lọ́jọ́ kan, òun sì fojú ara òun rí omi tó ń tú sókè lókèèrè.

"Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọn ò lọ wòran."

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tẹ́rù ń bà kì í wòran? Bí eégún bá jáde, ṣé ẹ̀rù kì í bà ọ́ ni? Ṣé o kì í sì í wò ó?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí bàbá má bínú, owó ni òun ń sọ ní tòun. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti pàdé. Wíwò ti pẹ́ láyé. Owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ ni kò pẹ́.

Owó náà sì ti pọ̀. Ìwádìí tí IFAW, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko, gbé jáde ní 2009 sọ pé ní 2008 nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 13 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 119 ló lọ wo àbùùbùtán, owó tí wọ́n ná sí i sì lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là.

Ní ẹkùn tiwa, ọdún 2001 ni onímọ̀ kan, Koen Van Waerebeek, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ará Bẹ̀nẹ̀ gbé ìròyìn síwájú àjọ IWC pé irú èyí tí òyìnbó ń pè ní humpback ń wá bímọ lójú òkun níbẹ̀. Ó lè gùn tó mítà 15, kó sì wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 30. Láti òkun yìnyín Antarctica ni wọ́n ti ń bọ̀, bóyá nítorí pé ọmọ tuntun kò tíì lọ́ràá lára tó láti fara da òtútù ibẹ̀. Ìyá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun ní gbogbo àkókò tó fi wà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rá tó ti kó jọ sára ló ń ná, tó sì ń fi ń fọ́mọ lọ́mú. Láàárín oṣù kẹjọ sí ìkọkànlá ni wọ́n máa ń rí wọn ní Kútọnu, ẹgbẹ́ Nature Tropicale sì wà lára àwọn tó ń ṣètò kí ènìyàn wọkọ̀ lọ wò wọ́n.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni bí ìwòran náà ṣe ń dà. Wọ́n ní níbòmíràn, ọkọ̀ méjì mẹ́ta a máa lé abiyamọ àti ọmọ rẹ̀ káàkiri nítorí fọ́tò lásán, àwọn mìíràn á sì lọ, wọ́n á bọ̀, láìgbé ojú kúrò lára fóònù. Àwọn apẹja tí bàbá sọ̀rọ̀ wọn mọ ìwà hù sí ẹ̀dá yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé wa ńkọ́? Bí òkú àbùùbùtán bá gúnlẹ̀ sí etíkun Nàìjíríà, àdá àti abọ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbé sáré lọ.

Èsì mi sí ìbéèrè bàbá rèé: ẹran tí a pa, ẹ̀ẹ̀kan la ń jẹ ẹ́, èyí tí a dá sí lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, tòun tọmọ. Nítorí náà, mo bẹ ìjọba Èkó àti ti Oǹdó: ẹ ṣòfin kí oníṣòwò tó dé ojú òkun. Kí ọkọ̀ má sún mọ́ wọn ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, kí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, kí gbogbo èrò wọ ẹ̀wù ìgbẹ́mìílà, kí ẹnikẹ́ni má sì lé abiyamọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, òkun jìnnà sí wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n dáàmù wà ní Ìkún-Èkìtì. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n ti kékeré mọ bí a ṣe ń dúró wo ohun abẹ̀mí láìfọwọ́ kàn án.