Ipa Èdè Abínibí nínú Ìyípadà Àṣà Ṣáínà: Àríkọ́gbọ́n fún Olùkọ́ Yorùbá

Àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà tó wà ní Ìgbẹ́sà, nítòsí Àtàn-Ọ̀tà, jẹ́ ẹ̀rí ọ̀làjú tí kò ṣẹ̀yìn èdè abínibí. Fún ọdún tó lé ní 1,000, ìdánwò lórí ẹ̀kọ́ Confucius, ní èdè ìwé àtijọ́, ló ń gbé ará Ṣáínà dé ipò ìjọba. Wọ́n fòpin sí i ní 1905. Ní 1920, ìjọba pàṣẹ pé kí èdè tí ará ìlú ń sọ rọ́pò èdè ìwé náà ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n pa dà. Wọn kò pa èdè wọn tì.

Ìwádìí Ifẹ̀ tí Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìlànà èdè abínibí tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 ni ìjọba fagi lé ní 2025. Ọwọ́ olùkọ́ ló kù sí.